Rírì Kan Ṣoṣo

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá Aláró ládùúgbò Bẹ́yẹrúnkà, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, n kò sì tíì dárí jì í tán. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń kólòlò ni mí nígbà tó tọ́ka sí mi, tó sọ fún bàbá mi pé, "Má fi eléyìí sí iléèwé. Bí ọmọ bá ṣe rí ní kékeré ló máa rí títí ayé." Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń bá a ru eérú aró kí bàbá mi tó fi mí sí iléèwé.

Ó máa ń fi ahọ́n tọ́ aró wò bí ọbẹ̀, á ní, "Iyọ̀ ẹ̀ pé."

Ọdún òmìnira, èmi akólòlò di olùkọ́. Mo ti kà á ní kọ́lẹ́ẹ̀jì pé àwọn onímọ̀ kan ní èwe ló ń pinnu irú ẹni tí a ó jẹ́. Àwọn mìíràn ní a ń di ara wa lọ títí dọjọ́ ogbó. Mo gbé ìjà náà lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi nídìí ìkòkò aró.

"Akọ̀wé ńlá! Kí ni ìwé wí lónìí?"

"Ìgbà mélòó lẹ ri aṣọ yìí bọ aró kó tó dú tó báyìí?"

"Ìgbà mẹ́jọ. Ti àkọ́kọ́ kì í ju omi ìṣanwọ́ lọ."

"Èmi ńkọ́, Ìyá Aláró?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nù ún, aró sì kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, rírì kan ṣoṣo ni mo rì ọ́ tí mo ti sáré sá ọ sóòrùn."