Ojú Ìyá Mi Nínú Sìmẹ́ńtì

Kìnnìún ni iṣẹ́ ọkùnrin tó mọ ère ìyá mi nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì Àgbádárìgì ní Okokomaiko, abẹ́ páànù mélòó kan péré. Àwọn kìnnìún sìmẹ́ńtì jókòó níwájú rẹ̀ ní méjì méjì, wọ́n ń retí ẹni tó ń kọ́lé. Ayé owó epo ni. Ẹni tó bá rí kọ́ńtíráàtì gbà, á kọ́lé, ẹni tó bá kọ́lé á gbé kìnnìún méjì lé òpó géètì rẹ̀ kí aládùúgbò lè mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀jọ́, ilé bàbá mi sì wà ní Ìbà. Mo fẹ́ràn kí n máa bi àwọn oníṣẹ́ ọnà léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ Sátidé, bí mo bá ti fọṣọ tán, màá mú ìwé kékeré mi, ó di ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Ẹ ti rí kìnnìún rí?” mo bi í lọ́jọ́ kan.

“Níbo? Tíṣà, ẹ wo ajá yẹn.” Ajá pupa kan ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. “Òun ni mo wò ṣe gbogbo wọn. Màá fi irun sí i lọ́rùn, màá fẹ àyà rẹ̀, ó parí. Mi ò lè ṣe nǹkan tí ojú mi ò bá rí. Ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan alààyè tí mò ń wò.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́jà kan ra méjì nínú wọn sí ilé tó ń kọ́ nítòsí bárékè. Títí mo fi kúrò ní Ọ̀jọ́, n kò lè kọjá níbẹ̀ láìrí ajá pupa yẹn lórí òpó.

Ohun tó ń dun ọkùnrin yìí ni pé bíríkìlà ni gbogbo ayé ń pè é. Abẹ́òkúta ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń mọ ère ènìyàn sórí ibojì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé apá ọ̀dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ ère ènìyàn fún un ṣe. “Bí mo bá rí ẹyọ kan ṣe,” ó wí, “tó dúró síta gbangba, mi ò ní mọ kìnnìún mọ́ láyé mi.”

Èmi ni mo bá a rí ẹyọ kan náà. Ìyá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú, iwájú ilé wa la sin wọ́n sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí kọ́ńtíráàtì ti sọ di ẹni ńlá ní Èkó, ní àwọn fẹ́ kí ère ìyá wa jókòó sórí ibojì náà nínú aṣọ òkè. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìyá mi ò ya fọ́tò rí. Bí onífọ́tò bá dé, inú ilé ni wọ́n ń wọ̀.

Oníṣẹ́ ọnà náà wá sí Ìbà. Lọ́jọ́ náà òun ló ń béèrè, àwa là ń dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyá wa ga, wọ́n sì sanra. Àbúrò ìyá mi obìnrin, àwọn ni àgbà tó kù nínú ilé, ní wọ́n pupa, wọn ò sì lálèébù kankan. Èmi náà ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn àti ilà ojú wọn sílẹ̀ fún un. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnu wa ṣọ̀kan lé lórí ni pé èmi jọ wọ́n bí ìmumu.

“Kò sí nǹkan mìíràn, Tíṣà?” ó bi mí.

Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ó ta tàpólì yí ibojì ká, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú síbẹ̀. Bó bá di Sátidé, màá gbé àga sẹ́nu tàpólì náà, màá máa bi í léèrè ọ̀rọ̀, òun náà á máa yọjú wò mí, á tún padà sídìí iṣẹ́. Èmi tí mo mọ ìtàn ajá, kò wá sí mi lọ́kàn.

Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣí i, èmi àti àbúrò ìyá mi nìkan la wà nílé. Aṣọ òkè náà dára, ìlẹ̀kẹ̀ pé, ọwọ́ méjèèjì wà lórí eékún. Ṣùgbọ́n ojú mi ni. Ojú èmi gan-an, pẹ̀lú ilà ìyá mi, ló jókòó sórí ibojì. Ẹ̀rù bà mí.

“Yéè!” àbúrò ìyá mi kígbe. “Ta ló gbé alààyè lé orí ibojì? Ìwọ bíríkìlà yìí, ṣé o fẹ́ sin ọmọ wa láàyè ni? Ẹ fún mi ní òòlù!”

Ọkùnrin náà kò bá wọn jà. “Màmá, ẹ má bínú. Ìyá mẹ́ta lẹ júwe fún mi. Ojú Tíṣà nìkan ni ẹnu yín ṣọ̀kan lé lórí. Níbo ni kí n tún wò?” Ó kọjú sí mi, ó na òòlù rẹ̀ sí mi. “Ojú yín ni. Bí ẹ bá ní kó fọ́, ẹ fọ́ ọ. Màá padà sídìí ajá mi.”

Mo gba òòlù náà. Kí n má parọ́, mo fẹ́ fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé kò wo èmi mọ́, ère náà ló ń wò, bí ẹni tó ń dágbére. Ojú tì mí.

“Eyín iwájú kan ò sí lẹ́nu ìyá mi,” mo wí.

“Panu mọ́!” ni àbúrò ìyá mi wí.

“Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ya fọ́tò. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bo ẹnu, báyìí.” Mo gbé ọwọ́ mi sókè.

Ó wò mí títí. “Tíṣà, ẹ ní kò sí nǹkan mìíràn.”

Ó gé apá òsì ère náà níbi ìgunpá, ó tẹ irin rẹ̀ sókè, ó mọ ọwọ́ tuntun bo ẹnu. Ó fún ojú pọ̀ bíi ti ẹni tí ẹ̀rín ń pa. Àbúrò ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n ní mo tú àṣírí òkú. Wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ mi, wọn ò sì gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní bí ẹ̀gbọ́n mi bá fi lè kọ̀ ọ́, àwọn fúnra wọn ni yóò fọ́ ọ.

Ní Sátidé, mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. A ò tíì sọ nǹkan kan fún wọn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú léèsì funfun, wọ́n ń wolẹ̀ nítorí ẹrọ̀fọ̀, wọ́n sì gbójú sókè.

“Ẹ káàárọ̀ o, màámi,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀.

Àyà léèsì ti kanlẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé ère ni. Wọn ò dìde. Nígbà ayé wọn, ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó ní kí ọmọ àwọn dìde. Ọkùnrin oníṣẹ́ ọnà náà dúró ti tàpólì rẹ̀. Èmi ń sunkún.

Àbúrò ìyá mi gbé òòlù sílẹ̀.

“Dìde, ọkọ mi,” ni wọ́n wí.