Ẹran Kérésì Tí Garrick Tu Dànù

Ní abúlé àwọn àgbẹ̀ àgbàdo kan ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà, bí ọmọkùnrin bá ti ń rìn ni wọ́n ti ń wo ọrùn rẹ̀, bóyá yóò lè ja ìjàkadì. Ọrùn Garrick Oltmann ki láti kékeré. Inú Verlyn bàbá rẹ̀ dùn débi pé ó tẹ́ ẹní ìjàkadì sínú abà, níbi tó yẹ kó kó koríko màlúù sí. Verlyn náà ti jà rí. Ọdún tó yẹ kó gba ife ìpínlẹ̀ ni ọmọ kan láti ìlú ńlá fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀, kò sì gbàgbé ìṣubú náà rí. Ògiri kan wà ní ilé-ìwé wọn tí wọ́n ń gbé àwòrán àwọn tó gba ife kọ́. Bí Verlyn bá ń kọjá níbẹ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Garrick ní tirẹ̀ fẹ́ di dókítà ẹran ọ̀sìn. Ilé ìpaẹlẹ́dẹ̀ tó wà létí odò ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìka ọwọ́ wọn ò sì ká mọ́ nítorí ọ̀bẹ dídì mú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìjàkadì nìkan ló lè mú un bọ́ níbẹ̀, ó sì mọ̀.

Nígbà ìkórè ọdún 1983, tí Garrick wà ní kíláàsì àṣekágbá, Kóòṣì Halvorsen tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì kan ní ìjàkadì wá jókòó nídìí tábìlì wọn. Ó ní àyè kan ṣófo lọ́wọ́ òun, àmọ́ ìpele ìwúwo tó wà nísàlẹ̀ ti Garrick ni, oníjàkadì kì í sì í bá ẹni tí wọn ò jọ wúwo jà. Bí ọmọ náà bá lè fọn, kó fúyẹ́ débẹ̀, kó sì gba ife ìpínlẹ̀, yunifásítì á san owó ilé-ìwé rẹ̀ títí yóò fi jáde. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀, ìbọwọ́ ti tó. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ti pe ọmọlúàbí ní olè.

Ni fífọn bá bẹ̀rẹ̀. Garrick ń wọ àpò ìdọ̀tí onínáílọ́ọ̀nù sábẹ́ súwẹ́tà, ó ń sáré yí abà ká nínú yìnyín. Ó ń tutọ́ sínú ìgò ní kíláàsì, kí ara lè fúyẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Garrick, so òkúta mọ́sẹ̀ o, atẹ́gùn ń bọ̀." Bó bá rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ á là. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àmọ́ ní ti ọmọ yìí, yunifásítì ti jókòó lé ebi lórí.

Lọ́jọ́ Kérésì, Darlene ìyá rẹ̀ fi oyin yan itan ẹlẹ́dẹ̀. Àánú ọmọ ṣe é, ó gé díẹ̀ sínú bébà ìnuwọ́, ó rọra tì í sí i lábẹ́ tábìlì. Garrick ò tíì gbé e mì tí Verlyn fi na àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu rẹ̀.

"Tu ú síbí. Yunifásítì ẹ lo fẹ́ gbé mì yẹn."

"Verlyn, Kérésì la wà," Darlene sọ.

"Kérésì ò gbé ẹnikẹ́ni lọ yunifásítì rí."

Garrick tu ú sí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wọ àpò náílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó jáde lọ sáré nígbà tí àwọn tó kù ń jẹun.

Ní oṣù Kejì, ó dé ìdíje ìpínlẹ̀ ní ìwúwo tí wọ́n ní kó dé, ó ku egungun àti agídí. Ó jà, ó borí. Ní ìjà àṣekágbá, ó fi ẹ̀yìn ọmọ tó gbajúmọ̀ jù lọ balẹ̀, Verlyn sì sunkún lójú gbogbo èèyàn.

Halvorsen pàdé Garrick ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "O jà dáadáa. Yunifásítì wo lo wá ń lọ?"

Garrick rò pé ó ń ṣàwàdà ni. "Ọ̀dọ̀ yín ni, sà."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó ní òun ti fún ọmọ kan láti Pennsylvania ní àyè yẹn kí Kérésì tó dé, òun sì ti tẹ ilé Garrick láago láti sọ ọ́. Verlyn ló gbé e, ó ní òun fúnra òun á sọ fún ọmọ òun. Ó ní ó dun òun, pé kò sí ibi tí àyè ṣì kù lásìkò yìí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Nínú ọkọ̀, lọ́jọ́ kejì, Garrick béèrè. "Dádì, ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ní kí n tu ẹran yẹn?"

Verlyn ò gbójú kúrò lọ́nà. "Ká ní mo sọ fún ẹ, ṣé wàá dé ìwúwo yẹn?"

"Rárá."

"O ò rí i? Àwòrán ẹ máa wà lára ògiri yẹn títí láé. Kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wa."

Ọ̀rọ̀ "wa" yẹn ló dun ọmọ náà jù.

Ọkọ̀ panápaná ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ibodè, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn fún ẹni tó bá gba ife. Wọ́n gbé Garrick sórí rẹ̀. Verlyn náà gùn ún. Wọ́n fọn fèrè wọ ìlú, títí dé gbọ̀ngàn ilé-ìwé, níbi tí àwọn obìnrin ti to oúnjẹ sórí tábìlì gígùn. Pásítọ̀ béèrè yunifásítì tí ọmọ ń lọ. Verlyn dáhùn pé wọ́n ń bẹ àwọn ni, àwọn ò tíì mú èyí tó wu àwọn. Darlene, tí kò mọ nǹkan kan, bu itan ẹlẹ́dẹ̀ olóyin kún àwo wá fún ọmọ rẹ̀.

"Jẹun, ọmọ mi," Verlyn sọ. "Kò sẹ́ni tó máa wọ̀n ẹ́ mọ́."

Garrick fi ẹran sẹ́nu. Ó rún un pẹ́. Ó wá di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà sílẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, ó sì tu ú sí i.

Verlyn pa ọwọ́ dé lórí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń wò. "Ọmọ yìí, ó ti mọ́ ọn lára," ó ní, gbogbo gbọ̀ngàn sì bá a rẹ́rìn-ín.