Ẹsẹ Kan Tí Bàbá Fò

Òórùn ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìgbẹ́ màlúù ra ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ronú kan ṣọ́ọ̀ṣì wa àtijọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn obìnrin máa ń ra á, yóò sì ṣì tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa títí di ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà náà, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ lágbègbè wa ni. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Òfì híhun ni ó gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ìyàwó, ibẹ̀ náà ni mo ti di onígbàgbọ́.

Bàbá àgbà kan nínú ìjọ ni ó kọ́ mi ní ìwé. Àgbẹ̀ ni, oko rẹ̀ wà lọ́nà Ìrẹsà, òun ni ó sì máa ń ka sáàmù fún wa ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Bí ó bá ti oko dé nírọ̀lẹ́, yóò jókòó tì mí nídìí òfì, yóò ní kí n máa pe ABD bí mo ṣe ń hunṣọ. Bí mo bá ń lọ́ra, á rẹ́rìn-ín. "Ará Ọ̀yọ́, lẹ́tà kì í ṣe ọba. Má dọ̀bálẹ̀ fún un, pè é!" Ọdún mẹ́ta ni ó fi mú sùúrù fún mi. Nígbà tó yá kò wo ìwé mọ́, ó kàn ń gbọ́ ohun tí mo ń kà ni. Mo rò pé ìmọ̀ ló pọ̀ lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo mú ìwé Sáàmù tèmi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó síwájú, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bí Bàbá ṣe ń ka sáàmù. Mo rí i pé ó fo ẹsẹ kan. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ẹ ti fo ẹsẹ kan!"

Inú mi dùn. Mo rò pé yóò yìn mí.

 Bàbá ṣí ewé kan, ó tún ṣí òmíràn. "Èwo ni?" ó béèrè jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹsẹ kẹfà ni, Bàbá."

Ó tẹrí ba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé.  Lẹ́yìn náà ó pa ìwé dé, ó sì ń fọwọ́ tọ bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì títí ó fi jáde.

Nígbà tí a délé, ìyàwó mi kò gbé oúnjẹ wá. "Ṣé ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò mọ̀ ni, baálé mi? Ojú Bàbá ti lọ láti ìkórè èṣí. Àkọ́sórí ni wọ́n ń kà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ni yóò sọ ọ́? Ìgbà mélòó ni wọ́n ti dorí ìwé kodò lójú gbogbo wa!"

"Ẹ sì dákẹ́?"

"Kí ni ká wí?"

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, Bàbá kò wá. Àlùfáà ránṣẹ́ sí i. Ó ní oko ni òun yóò ti máa gbàdúrà. A gbọ́ pé ó fẹ́ kó lọ sí abà pátápátá. Òun ni baba tí mo ní nílùú náà, èmi ni mo sì lé e kúrò nílé Ọlọ́run. Oorun kò kùn mí mọ́.

Ní Àbámẹ́ta kẹta, mo lọ bá a nílé. Ó ń lọ́ okùn lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu láti ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ tán, ìwé ni mo ṣí. 

"Bàbá, wọ́n ní kí n ka sáàmù lọ́la. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ètè rẹ̀ ti ń bá mi lọ. Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ yìí! Ta ló ní kí o kà á lọ́la?"

"Kò sẹ́ni, Bàbá."

"Mo mọ̀." Ó gbé okùn sílẹ̀. "Tún un kà. Ẹsẹ kẹta kò tíì dúró sí mi lórí."

Ní ọjọ́ kejì, ó wá. Ó dìde, ó ṣí ìwé, ó ń kà á ketekete. Nígbà tó dé àárín, ó tún fo ẹsẹ kan. Mo mọ ojú gbogbo ìjọ lára lẹ́yìn ọrùn mi. Mo rọra pa ìwé mi dé. Nígbà tó parí, mo bá wọn ṣe àmín.

Gbogbo Àbámẹ́ta ni mo ń lọ kàwé fún un títí ó fi kú. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó bi mí.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìyàwó mi náà kú. Ó pẹ́ kí n tó lè lanu kọrin. Mo máa ń wọlé lẹ́yìn orin, mo sì ń jáde kí wọ́n tó máa kíra wọn. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè ìdí. Wọ́n kàn ń sún síra wọn lórí bẹ́ǹṣì kí àyè mi má baà kún, ẹnì kan sì máa ń gbé àwo oúnjẹ tí a fi ọmọrí dé kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi. Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé wọn kò fura ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé gbogbo wọn ló rí mi.