Ìdajì Ìwé Ni Wọ́n Fi Dá Tíṣà Oyèlékè Lẹ́bi

Tíṣà Oyèlékè kú l'Ọ́yọ̀ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A gbé òkú rẹ̀ wá sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìjọ tí Tíṣà fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ọmọ wọn níwèé kò sì fún un ní ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Wọ́n ní Kọ́múníìsì ni. Ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ la sin ín sí, láìsí àdúrà pásítọ̀. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ẹ kúuṣẹ́ o.

Kí ló ṣe? Ó kàwé ni. Ó wá ìwé àwọn òyìnbó àtijọ́ tó dá ọ̀rọ̀ Kọ́múníìsì sílẹ̀, ó sì ń bá wọn jiyàn nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: ojú ewé apá òsì, ohun tí wọ́n wí, apá ọ̀tún, èsì tirẹ̀. Mo máa ń jókòó tì í, á máa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́. Òsì: kí oko gbogbo di ti gbogbo èèyàn. Ọ̀tún: àwa ń ṣe àáró, a jọ ń roko ni, síbẹ̀ olóko ló ni oko rẹ̀, ẹ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ẹ wo ebi. Ibi tí wọ́n ti sọ òótọ́, ó gbà fún wọn, pé kò yẹ kí òṣìṣẹ́ máa febi sùn kí ẹni tó jókòó máa yó. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Ní 1954, ìjọba ní àwọn ò fẹ́ Kọ́múníìsì lẹ́nu iṣẹ́, jìnnìjìnnì sì dà bo àwọn akọni ìgbìmọ̀ wa. Wọ́n gba ìwé àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ Tíṣà. Alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú, ka apá òsì nìkan síta níwájú ìjọ, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Tíṣà ni. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà! Ọmọ kíláàsì kejì tó bá kàwé báyìí, ẹgba ni yóò jẹ. Leah, ìyàwó Tíṣà, kúnlẹ̀ láàárín ìjọ.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èsì tó fún wọn."

Wọ́n ní kí obìnrin jókòó. Wọ́n lé ọkọ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lọ ń lẹ ṣòkòtò tó ya l'Ọ́yọ̀ọ́. Nígbà tí mo lọ kí i, mo ń ṣépè fún wọn, ó ní kí n dákẹ́, pé wọ́n á kà á tán lọ́jọ́ kan. Ọdún mẹ́rin ló fi dúró dè wọ́n. Àánú rẹ̀ ṣì ń ṣe mí.

Lánàá, Leah rán mi lọ gba ìwé náà. Abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ìgbìmọ̀ ni mo ti rí i, wọ́n fi tì í torí tábìlì ń mì. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n fà á yọ.

Akínpẹ̀lú, fa ìwé yẹn yọ. Dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, níbi tí o ti dá a lẹ́bi, kí o ka apá ọ̀tún fún ìjọ, kí o sì mú pásítọ̀ lọ sí ojú oórì rẹ̀. Bí kíkà bá sì nira fún ọ, gbé e fún Leah. Ó mọ̀wé kà, yóò sì kà á tán.