Ọ̀fẹ́ àti Etí Màmá Rẹ̀

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń jẹun lórí ìdúró, tó fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí, tó sì ń fi ọwọ́ kan tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ó ní orúkọ àbísọ o, àmọ́ ta ló tún ń pè é? Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títún ṣe ló ń ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó fara ti ti télọ̀. Ẹni yòówù kó gbé kọ̀ǹpútà wá, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ń kí i káàbọ̀: "Ẹ jẹ́ kí n yọ ètò olówó yìí kúrò, kí n fún yín ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́."

Ètò tó ń wí yìí ló ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun, òun ló sì ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún gbogbo aráyé. Ẹnikẹ́ni lè tú inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú. Èyí dùn mọ́ Ọ̀fẹ́ nínú gan-an. Ohun tí kì í sọ fáwọn oníbàárà ni pé ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe yóò máa pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n náà kò sì ní rójú, kò ní ráyè.

Ìwé tí télọ̀ bá ní kí ẹ̀rọ tẹ̀ fún òun, ìdajì ló ń jáde. Olùkọ́ kan ní lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà òun ti kéré bí èèrà. Ẹlòmíì ní bọ́tìnì tí òun rí lókè lánàá, òun ò rí i mọ́ lónìí. Gbogbo wọn ni Ọ̀fẹ́ ń dá lóhùn bákan náà: "Ó mà rọrùn! Ẹ kàn ṣí ojú dúdú yẹn, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí i." Ojú dúdú ló ń pe ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tó sú télọ̀, ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ọ̀fẹ́, tí mo bá rán ṣòkòtò fún ẹ, ṣé mo máa ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú tì í, kó o tó lè wọ̀ ọ́?"

Ọ̀fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kó tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti sáré jáde lọ sílé olùkọ́.

Ẹni tó fi ń yangàn jù ni màmá rẹ̀. Ìyá náà ń dá gbé nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́, pẹ̀lú òdòdó tó gbìn sínú agolo lójú fèrèsé, ó sì ti sọ fún gbogbo èèyàn pé gbígbé ni wọn yóò gbé òun jáde níbẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, yóò wé gèlè, yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí Ọ̀fẹ́ fún un, yóò sì bá Àǹtí sọ̀rọ̀, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin tó wà lókèèrè. "Màmá mi arúgbó ń lò ó," ni Ọ̀fẹ́ máa ń sọ fún ẹni tó bá ń ráhùn, "ẹ̀yin wá ń sọ pé ó le!" Láìpẹ́ yìí ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì sọ ètò kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀ dọ̀tun. Ó sọ fún télọ̀ pé òun ò tiẹ̀ gbé ìdí nílẹ̀.

Kò ju oṣù kan lọ sí i tí Àǹtí fi pè é. Kò kí i rárá.

"Màmá ti ń ṣarán."

"Àǹtí, kí lẹ wí?"

"Mo bi wọ́n pé ẹsẹ̀ wọn ńkọ́, wọ́n ní òjò ti dá. Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún wọn pé dókítà rí kókó nínú ọyàn mi, pé wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Mi ò fẹ́ kí àyà wọn já, mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, 'Mo bá ẹ yọ̀, ọmọ mi.'"

Ọ̀fẹ́ gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo ti bá ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan sọ̀rọ̀. Mọ́ńdè ni wọ́n máa wá gbé wọn. Mi ò lè máa ronú nípa Màmá kí n tún máa ronú nípa ọ̀bẹ dókítà."

Láti ọjọ́ náà, adìyẹ bà lókùn. Ọ̀fẹ́ jókòó, ó dìde. Ó de ìṣó kọ̀ǹpútà olùkọ́ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ìbẹ̀rù àìsàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sì ń dun ún, nítorí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fa obìnrin yẹn kúrò nídìí òdòdó rẹ̀, kò ní pẹ́ láyé. Ó dúró de Sọ́ńdè bí ẹni tó dúró lórí iná, kó lè fojú ara rẹ̀ rí bí Màmá àti Àǹtí ṣe ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Sọ́ńdè pé, ó rọra wọlé, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Màmá ti wé gèlè. Ojú Àǹtí hàn kedere, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, àmọ́ kò sí ohùn kankan nínú yàrá.

"Bẹ́ẹ̀ ni o," Màmá ń mi orí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ọ̀fẹ́ tẹ́tí. Ó sún mọ́ wọn.

"Màmá, kí ni Àǹtí sọ fún yín báyìí?"

Ìyá rẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Mi ò mọ̀. Etí mi ti lọ. Mò ń gbọ́ tìẹ nítorí o wà nítòsí, o sì máa ń pariwo. Ohùn òkèèrè ni etí mi ò gbé mọ́. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Tó bá rẹ́rìn-ín, màá yọ̀. Tó bá dákẹ́, màá fèsì."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ta ni? Tí mo bá ní mi ò rí nǹkan, wàá ní wọ́n ti gbé e sápá òsì. Tí mo bá ní lẹ́tà kéré, wàá ní ó rọrùn, kí n kàn tẹ ibí, kí n tẹ ọ̀hún. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹjọ́ ẹ̀rọ yìí sùn ẹ́, èmi ni mo máa ń jẹ̀bi. Nígbà tó wá dákẹ́, mo ní èmi náà ni."

Ẹnu Àǹtí ti dúró jẹ́ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Òun ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀fẹ́ tó ń tún tayé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀. Wáyà kan gba ibẹ̀ lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́dún tó kọjá, kí ojú Àǹtí lè tóbi. Màmá ò gbà. Ó ní ojú ọmọ òun ò gbọdọ̀ tóbi ju ti òun lọ. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, Ọ̀fẹ́ sì gbàgbé wáyà. Lọ́jọ́ tó sọ ètò dọ̀tun láti ṣọ́ọ̀bù, ètò náà rí wáyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí da gbogbo ohùn sínú tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pípa. Kò bi ẹnikẹ́ni. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀fẹ́ tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo, ó dá ohùn padà sínú kọ̀ǹpútà. Ohùn ẹkún gba yàrá.

"Ọmọ mi nìyẹn?" Màmá di tábìlì mú.

"Àwọn ni, Màmá. Etí yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ mi ni. Èmi ni mo bà á jẹ́, tí mo sì ń jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ẹ̀yin ni." Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ilé ìtọ́jú yẹn kí wọ́n má wá."

"Ilé ìtọ́jú wo?" ni Màmá bi wọ́n.

"Mo máa pè wọ́n," ni Àǹtí wí. "Màmá, ẹ má bínú. Kò sí nǹkan."

Fóònù Ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí dún lápò rẹ̀. Ó pa á, ó fa àpótí kan, ó sì jókòó ti ìyá rẹ̀. Màmá ò wo ojú rẹ̀. Ó ti sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Lọ́jọ́ tí mo pàtẹ́wọ́ yẹn, kí lo sọ fún mi?"

Àǹtí nu ojú, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín bíi ti ọjọ́sí.

"Rárá," ni Màmá wí. "Má rẹ́rìn-ín. Mò ń gbọ́ ẹ báyìí. Tún un sọ."