Ráútà Tí Kò Yẹ Kó Dáhùn

Ràhímátù Ọdúnjọ, ọmọ awakọ̀ kan ní Ajah, ló ń tọ́jú Wáífáì ilé ìtura kékeré kan létí òkun Eléko. Oṣù mẹ́ta péré ló tíì lò níbẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbà lórúkọ ara rẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi mú un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé ni nẹ́tíwọọ̀kì ti ń ṣe ségesège. Bí àlejò mẹ́ta bá rí i lò, mẹ́rin á máa na fóònù sókè kiri ọgbà. Fóònù á ní òun ti wọlé, àmọ́ nǹkan kan ò ní ṣí.

Nígbà tó fi di Jímọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti sú Alhaja Àṣàkẹ́ tó ni ilé ìtura. Àlejò òpin ọ̀sẹ̀ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Alhaja ò pariwo, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé èyí tí wọn ò pariwo yẹn ló burú jù. Wọ́n kàn ní àwọn ti pe Ọ̀gá Akínbọ̀dé, ẹnjiníà nẹ́tíwọọ̀kì kan láti VGC, pé bí ọkùnrin náà bá fi dé kí ọmọ yìí tó tún un ṣe, kí ọmọ náà kó wáyà rẹ̀ kó máa lọ. Ọmọ yìí! Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n!

Ó dun Ràhímátù wọra. Ó ti pa ráútà, ó ti tàn án, ó ti pààrọ̀ wáyà, pàbó ló já sí. Ló bá jókòó sẹ́yìn káńtà, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ àṣẹ kan ṣoṣo: dhcpdump. Irinṣẹ́ yìí ò ní àwòrán, kò ní ẹ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ lásán ló ń tò wálẹ̀. Gbogbo fóònù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló máa ń bèèrè pé ta ló máa fún òun ní nọ́ńbà tí òun á lò. Ráútà ilé á fún un, á sì júwe ọ̀nà ìta. Irinṣẹ́ náà ló ń jẹ́ kéèyàn ka ìbéèrè àti ìdáhùn yẹn.

Ràhímátù pa Wáífáì fóònù rẹ̀, ó tún tàn án. Fóònù bèèrè. Ìdáhùn kan wọlé. Kó tó mí, òmíràn tún dé.

Háà, baálé méjì nínú ilé kan! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ìdáhùn kejì ń júwe ọ̀nà tí kò lọ síbì kankan, fóònù tó bá sì gbà á gbọ́ ti wọ gàù. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ tó dáhùn wà lójú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sábẹ́ ráútà. Ó kọ mẹ́rin tó kẹ́yìn sí àtẹ́lẹwọ́, 7C1E, ló bá ń tọ wáyà láti yàrá dé yàrá, ó ń wo abẹ́ gbogbo ẹ̀rọ tó ń tàn.

Yàrá ìńfátà ló ti bá a. Ráútà àtijọ́ kan jókòó sáàárín bátìrì, wáyà so ó mọ́ ti ilé. Ó gbé e wo: 7C1E. Fàtíù tó ń tún ìńfátà wọn ṣe wà níbẹ̀, kò tiẹ̀ sá. Tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi ní òun lòun so ó lọ́jọ́ Ajé, kí nẹ́tíwọọ̀kì lè lágbára sí i.

"Àǹtí, ṣebí téèyàn bá so bátìrì méjì pọ̀, agbára wọn ń lé sí i ni?"

Ogún ọdún ni Fàtíù ti ń so bátìrì, kò sì já a kulẹ̀ rí. Ràhímátù fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà á lẹ́nu. Ó yọ wáyà náà, ó sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé gbogbo yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, kò sí fóònù tí kò ṣiṣẹ́.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ Ọ̀gá Akínbọ̀dé wọ géètì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó bèèrè ibi tí wàhálà wà. Fóònù Alhaja wà lọ́wọ́ wọn, fídíò ọmọ-ọmọ wọn ń lọ geere. Wọ́n wo ọkùnrin náà, wọ́n wo Ràhímátù tí òógùn bò.

"Ẹ má bínú sà," ni wọ́n wí, "ẹnjiníà wa ti ṣe é."