Ọwọ́ Òsì Mi ní Ẹ̀pẹ́

Ojú tì mí lọ́jọ́ tí wọ́n ka máàkì wa síta ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwa tíṣà ní iṣẹ́ tuntun. Mo ti gboyè ní yunifásítì, mo ti ṣe tíṣà ní Ìkòròdú, àwọn òbí ọmọ ń pè mí ní Mísì wa, mo sì gbà pé mo gbọ́n díẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ kún ilé ìwé bámúbámú, àwọn kan sì wà nínú wọn tí ìwé kò wọ̀ wọ́n lórí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ní kí àwa tíṣà díẹ̀ padà lọ kàwé, kí a kọ́ bí a ṣe ń wádìí ọkàn àti ìrònú ọmọ: ohun tó ń dí i lọ́wọ́, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ibi tí agbára rẹ̀ wà. Nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ìyá mi, ó ní, "Ṣé ilé wèrè ni wọ́n ń rán ẹ lọ ni?" Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ fún àwọn ará àdúgbò.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ìdánwò tí o kò tíì ṣe rí, o kò gbọdọ̀ fi dán ọmọ wò. Nítorí náà, àwa fúnra wa la kọ́kọ́ jókòó bí ọmọ ilé ìwé. Èyí tó ká mi lára jù ni ìdánwò igi. Àwọn igi kéékèèké onígun mẹ́rin ni, tí wọ́n kun ojú wọn ní pupa àti funfun. Wọn á fi àwòrán kan hàn ọ́, ìwọ á to igi náà títí tí yóò fi jọ àwòrán yẹn, ẹni tó ń dán ọ wò á sì di aago mú. Ẹni tó bá pẹ́, máàkì rẹ̀ á lọ sílẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ìyá mi ti kọ́ mi débi pé, bí àgbà bá ti wà nítòsí, òsì mi á ti sá pamọ́ kí n tó rántí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, olùkọ́ tó ń tọ́ wa sọ́nà, sì ti hewú. Mo jókòó níwájú rẹ̀, mo fi òsì sábẹ́ itan, mo wá ń fi ọ̀tún wọ́ igi kiri. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo jù lọ́jọ́ orí dáadáa ti tò ó tán, wọ́n ń wò mí. Èmi ni mo gbẹ̀yìn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní olódo ju kí wọ́n ní n kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Nígbà tó yá, wọ́n rán mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ fi iṣẹ́ náà dánra wò ní ilé ìwé kan. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní ẹbúté Ìkòròdú, àpótí tí mo kó igi ìdánwò sí wà lórí itan mi. Ọmọ tí hẹ́dìmásítà kọ́kọ́ mú wá ni Ràfíátù, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan.

"Mísì, èyí kì í kọ nǹkan tán," ni hẹ́dìmásítà wí. "Bí ìdánwò yín bá ti fi hàn pé ìwé kò lè wọ̀ ọ́ lórí, a ó fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ̀."

Bàbá àgbà ọmọ náà tẹ̀ lé e wá, nítorí ilé wọn kì í jẹ́ kí àjèjì pe ọmọ wọn sínú yàrá láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jókòó, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ní, "Bí ìwé kò bá gbà á, kò burú. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa bá a yan ẹja." Ràfíátù wolẹ̀. Omi ti dé ojú rẹ̀.

Mo gbé igi síwájú rẹ̀. Mo rí i tí ó kọ́kọ́ na òsì, tí ó ṣíjú wo bàbá rẹ̀ àgbà, tí ó sì ti ọwọ́ náà bọ abẹ́ itan. Mo ní, "Ràfíátù, ọwọ́ tó bá wù ọ́ ni kí o lò."

"Ọ̀tún ni yóò lò, Mísì," ni bàbá náà wí. "A kọ́ ọ nílé."

N kò láṣẹ láti ran ọmọ lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà mí láyè ni pé kí n to àwòrán àkọ́kọ́ fún un wò, kí ó lè mọ bí a ṣe ń ṣe é. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ara mi kọ̀ ọ́. Mo wá yọ òsì mi jáde, mo sì fi to igi náà tán kíá, níwájú àgbàlagbà.

Ó dá tẹ̀sùbáà dúró. "Mísì, òsì lẹ fi ń ṣiṣẹ́ lójú mi?"

"Ẹ má bínú, sà. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn."

"Ta ni ìyá yín?"

Ìbéèrè tí mo ń sá fún nìyẹn. Mo dárúkọ rẹ̀, mo ní ará Ìkòròdú ni. Mo ní, "Ó gbìyànjú lórí mi, sà. Èmi ni n kò gbọ́."

"Ó mà ṣe fún un o," ni bàbá wí.

Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Ìró igi ni mo gbọ́, mo sì sáré tẹ aago. Òsì ni Ràfíátù ń lò. Ó tò ó tán, ó ń dúró de àwòrán tó kàn. Ó yára ju èmi tí mo ń dán an wò lọ, títí kan àwọn àwòrán tó ń mú àgbà láàgùn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, bàbá rẹ̀ àgbà kọjú sí hẹ́dìmásítà, ó ní, "Kó máa fi ọwọ́ yẹn kọ̀wé níbí. Kó má ṣáà gbé e wá sílé mi." Bẹ́ẹ̀ ni Ràfíátù ṣe dúró sílé ìwé.

Ọ̀rọ̀ náà ti rékọjá ọ̀sà kí èmi tó rékọjá rẹ̀. Àwọn tó ń lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ti sọ fún ìyá mi pé ọmọ rẹ̀ tó kàwé jù ń na òsì lójú àwọn àgbà, ó tún dárúkọ òun mọ́ ọn. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"O dójú tì mí ní Ẹ̀pẹ́," ló wí.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ Ràfíátù fún un látòkè délẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ń nà án ni?"

"Rárá, mà. Ó ti ń kọ̀wé rẹ̀ tán báyìí."

Ó mú ọwọ́ òsì mi, ó ń wo ọrùn ọwọ́ náà. Ó ní, "Aṣọ ni mo fi ń dì í mọ́ ẹ lára nígbà tí o kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ. O máa ń sunkún títí oorun á fi gbé ẹ lọ."

N kò rántí rẹ̀ rárá. Wọ́n ti kọ́ mi bí a ṣe ń bá ọmọ tó ń sunkún sọ̀rọ̀, wọn kò kọ́ mi ní ti ìyá. Ojú tì mí lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, láti ọjọ́ ìdánwò igi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kò sí èyí tó tó ti ọjọ́ náà, tí ìyá mi ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú.